Ọjọ́ Tí Adájọ́ Sọ Pé Òun Ti Parí

Lẹ́tà díẹ̀ ló kù kí n parí nígbà tí Ìyá Dúró jáde síta, tí wọ́n wo ògiri ilé wọn, tí wọ́n sì wo búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi.

"Ọmọ mi, kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ má bínú mà. Wọ́n bẹ̀ mí níṣẹ́ ni."

"Mo ní kí lo kọ?"

Mo kà á fún wọn: Kóòtù ti gba ilẹ̀ yìí fún onílẹ̀. Ẹ má rà á.

"Kóòtù wo? Adájọ́ ò mà tíì dá ẹjọ́ wa!"

Èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wá ń la òfin yé wọn. Mo ní, "Mà, ẹ ti pàdánù. Ẹ gba kámú." Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Kemta ní Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́ kíkọ nǹkan sára ògiri, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú. Ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, gbogbo rẹ̀ la máa ń kọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dà pupa yàtọ̀. Ẹbí tó bá ń jà sí ilẹ̀, tí wọ́n bá ti gbọ́ ohun tó dùn mọ́ wọn ní kóòtù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń yà sí kí wọ́n tó délé. Ọ̀gá mi máa ń ní, "Oníbàárà ọ̀dà pupa kì í dúnàádúrà. Inú tó ń bí i kì í jẹ́ kó rántí." Ohun tí Ọ̀gá ò kọ́ mi ni pé kí n máa béèrè ibi tí ẹjọ́ dé.

Brọ̀dá Tájù ló gbé iṣẹ́ yẹn wá. Ẹbí wọn ní àwọn ló ni ilẹ̀ tí Ìyá Dúró àti olóògbé ọkọ wọn kọ́lé sí ní Itori. Ó ń pariwo lórí fóònù: "A ti wọlé! Adájọ́ lé lọ́yà Mama dànù bí ẹni lé adìyẹ!" Mo gun ọ̀kadà, ó di Itori.

Ilé yẹn ni Ìyá Dúró fi ń jẹun. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ló háyà yàrá níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí ọ̀dà mi, àwọn kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́.

Kò pẹ́ tí kóòtù fi wá wo ilẹ̀ náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kóòtù máa ń rìn. Brọ̀dá Tájù ní kí gbogbo wa wá pọ̀ lẹ́yìn òun, a sì pọ̀. Akọ̀wé kóòtù sọ̀ kalẹ̀, ọlọ́pàá sọ̀ kalẹ̀, àwọn lọ́yà sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni adájọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Gbogbo ẹnu pa. Àwọn tírélà ojú títì nìkan ni ò mọ ẹni tó dé.

Adájọ́ dúró níwájú ògiri, ó kà á tán. "Ta ló kọ èyí?"

Brọ̀dá Tájù ń wo ilẹ̀. Mo nawọ́ sókè. "Èmi ni, sà."

"Ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò pariwo mọ́ mi. "Lọ́yà Mama bẹ̀ mí pé kí ẹlẹ́rìí kan padà wá sọ̀rọ̀. Mo ní rárá. Ohun tí mo sọ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ilẹ̀ yìí, èmi gan-an ò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣé ìwọ ti mọ̀ ọ́n?"

Ọkùnrin tó lè fi gbólóhùn kan gba ilé lọ́wọ́ èèyàn ló ń sọ níṣojú gbogbo ayé pé òun ò tíì mọ̀!

Èmi náà ni mo fi tínà nu ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Dúró. "Dìde," ni wọ́n wí, "o ò tíì nu igun ọ̀hún dáadáa."

Mo bi lọ́yà wọn, obìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, pé kí ló dé tí wọn ò gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹn lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

"Ìpinnu àárín ọ̀nà nìyẹn," ló wí. "Lórí irú ẹ̀, àfi ká kọ́kọ́ tọrọ ààyè, wọ́n sì lè má gbà. Ṣùgbọ́n tó bá ti sọ ẹni tó ni ilẹ̀, tí kò ku ohun tó máa ṣe sí ẹjọ́ náà mọ́, ẹ̀tọ́ wa ni. Gbogbo ohun tó ń dùn wá la máa kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo lọ sí kóòtù ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ ìdájọ́. Adájọ́ ka ìwé ìdájọ́ títí. Nígbà tó máa parí, ilẹ̀ ti di ti ẹbí Brọ̀dá Tájù. Mi ò lè wo ojú Ìyá Dúró. Ohùn wọn ni mo kàn gbọ́.

"Olúwa mi, ṣé ẹ ti parí?"

Ògbufọ̀ fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó, adájọ́ gbọ́wọ́ sókè, ó fi Yorùbá dáhùn: "Mo ti parí, Mama."

"Kò ku nǹkan kan lọ́wọ́ yín?"

"Kò kù. Tí mo bá ṣì í dá, àwọn tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mi wà lókè."

Ó dìde, gbogbo wa tẹrí ba. Mi ò tíì rí alágbára tó ń tọ́ka ọ̀dọ̀ àwọn tó lè tún ọ̀rọ̀ òun ṣe rí.

Níta, àwọn Brọ̀dá Tájù ti ń ya fọ́tò. Ìyá Dúró gbé báàgì wọn lé mi lọ́wọ́.

"Ọ́fíìsì wo ni wọ́n ti ń fi ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀?"

Lọ́yà ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, kí wọ́n sinmi ná.

"Àtọjọ́ yìí kọ́ ni mo ti jókòó, tí mò ń retí kí ọ̀gbẹ́ni yẹn parí?" Wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn lọ.