Ìgbálẹ̀ Tó Ń Yọrí Lórí Òrùlé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ìlú Oǹdó, yàrá méjì ni àwọn òbí mi háyà. Páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún débi pé àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti kòkó tí a sá síwájú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ò ní gbàgbé: bí òjò bá ti ṣú, korobá, abọ́ àti ìkòkò ọbẹ̀ la ó máa tò kiri yàrá. Omi pupa tó ń kán náà kì í sì í kúrò lára aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún kan, Màámi bí àbúrò mi obìnrin. Ikọ́ kò kúrò láyà ọmọ náà, orí ibùsùn rẹ̀ gan-an ni páànù sì ti ń jò jù. Bàbá mi ń ṣe tíṣà ní Bọ́lọ́rundúró, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Bàbá onílé ní òun máa tún un ṣe, a retí títí. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, Màámi bọ́ ìró, ó wọ ṣòkòtò Bàbá mi, ó gun òrùlé.

Èmi wà nínú yàrá. Mo ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọjú lára páànù, màá ki ẹyọ ìgbálẹ̀ tí a so mọ́ orí ọ̀pá bọ̀ ọ́. Bí Màámi bá ti rí i, á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà ibẹ̀ dànù, á sì fi àkísà tó rin fún kólútà gbígbóná lẹ̀ ẹ́. Orí ìlà ìṣó nìkan ló ń tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́. Mo gún un lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìfọ́tí tí mo gbà nígbà tó sọ̀kalẹ̀ kò kéré.

Bàbá onílé kọjá, ó figbe ta. “Ìyá Délé, sọ̀kalẹ̀! Ta ló ti rí obìnrin lórí òrùlé rí?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Òjò ń bọ̀, ọmọ mi sì ń wúkọ́.”

Òjò náà dé lóòótọ́. Màámi tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn ọmọ, a jókòó tì í, à ń wò ó. Òjò dá, aṣọ gbẹ, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Mo rò pé kò sí ohun tí ìyá mi ò lè ṣe láyé. Kò pẹ́ tí bàbá onílé fi wá rọra béèrè bóyá kólútà ṣẹ́kù fún pálọ̀ tiẹ̀.

Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí, èmi náà háyà ilé. Àjà oníke ti bo gbogbo rẹ̀ lóde òní. Páànù á máa jẹrà lókè, àwa á máa tẹ fóònù nísàlẹ̀. Nígbà tí omi ìpáàrà tó ń jò mú kí àjà wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí lánlọ́ọ̀dù lórí Wásáàpù. Àwòrán àtàǹpàkò ló fi dá mi lóhùn. Màámi wá kí wa láti Oǹdó, ó wòkè, ó ní, “Ìgbálẹ̀ yín dà?”

A yọ apá kan nínú àjà. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo wà lókè, lórí ìlà ìṣó. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọrí, ó ń gbọ̀n díẹ̀, torí ọwọ́ Màámi ti ń gbọ̀n.

“Délé, ṣé o ti rí i?”

“Mo ti rí i, Màámi.” Mo nu omi ojú mi, mo sì mú búrọ́ọ̀ṣì onírin.