Zubaidah Fẹ́ Fẹsẹ̀ Mú Ọmọ Lọ Síléèwé

Ẹsẹ̀ Zubaidah, ìyá oníṣọ́ọ̀bù ní Olódò, ti jìyà rí o. Nígbà tó wà lọ́mọdé, láti abà wọn l'Ákínyẹlé ló ti máa ń rìn lọ síléèwé, tó bá ń bọ̀, igi ìdáná ń bẹ lórí ẹ̀. Ló bá búra pé ọmọ tòun ò ní rìn. Lìádì ọlọ́kadà ló ń gbé Àjọkẹ́ ọmọ ẹ̀ lọ síléèwé, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Tó bá ti dé, á jókòó ti ìyá ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé fóònù. Àwọn méjèèjì ń sanra, àwọn èèyàn ń kí wọn kú ìgbádùn.

Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì iléèwé ní òùngbẹ tó ń gbẹ ọmọ ṣáá, àtọ̀gbẹ ló ti ń yọjú, pé kí tìyá-tọmọ máa fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan lásìkò òjò, wọ́n jáde. Wọn ò tíì kọjá mọ́ṣáláṣí tí ìyá aládùúgbò kan fi pariwo:

"Ìyá Àjọkẹ́, ṣé ọwọ́ ò sí mọ́ ni? Ẹ wá ń wọ́ ọmọ nílẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀!"

Ojú ti Zubaidah. Bí Lìádì ṣe dúró nìyẹn.

"Àǹtí mi, ẹ gùn ún jàre, mi ò gbowó."

Àjọkẹ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Màámi, ó rẹ̀ mí."

"Nọ́ọ̀sì ní ká rìn, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin náà sì ń tiro."

Òótọ́ ni, orúnkún ń dùn ún. Ló bá gbé ọmọ sórí ọ̀kadà, ó gun ẹ̀yìn ẹ̀.

Ó ní tójò bá dá, àwọn á tún gbìyànjú. Òjò dá, ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, wọn ò rìn. Òùngbẹ sì ń gbẹ Àjọkẹ́ ṣáá.