Àga Onídùúró

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe ń wa ọkọ̀ nìyẹn. Ọdún gbọọrọ ló fi wa típà tó ń kó yanrìn, kò pa ajá, kò pa ewúrẹ́. Nígbà tí ẹni tó ni típà náà tà á, Jẹ́jẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní kí wọ́n tó wá wà á lọ. Láti ìgbà náà ló ti wà nílé, tó ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rọra pa ilẹ̀kùn dé láàárọ̀, bí ẹni pé aláìsàn ló ń sùn nínú yàrá.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló bá a rí iṣẹ́. Mẹkáníìkì ni ọmọkùnrin náà, lọ́gbà kan tí àwọn tirela ti ń gbẹ́rù. Ó yà sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kí gírísì ọwọ́ rẹ̀ má baà kan nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń wá awakọ̀. Ẹ ti wa tirela rí, àbí?"

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà. Ṣé ohun tó yẹ kó o bi mí nìyẹn?"

Kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Mẹkáníìkì bá a rẹ́rìn-ín, ó ní kó má bínú. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ tó ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀, ó tún gbé ojú padà sórí aṣọ. Kò sí ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ ti wà rí tí òun kò mọ̀.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ti lọ, ó ní, "Baba ọmọ mi, ṣé ẹ máa sọ fún un?"

"Ọkọ̀ lọkọ̀ ń jẹ́. Ẹni tó wa èyí, á wa tọ̀hún."

"Mo ti gbọ́," ni obìnrin náà wí, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní Àgbà ló ń dán awakọ̀ wò lọ́gbà yẹn. Òun náà ti wa tirela títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀. Ìdánwò rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á gbé àgbá epo méjì tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn kalẹ̀ níwájú ògiri, awakọ̀ á fi ẹ̀yìn tirela wọ àárín wọn. Lẹ́bàá àgbá ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n á gbé àga onígi kan ti ògiri. Ẹni tó bá mú awakọ̀ wá ni yóò jókòó síbẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dúró. Tí awakọ̀ bá mọṣẹ́, kò sóhun tó máa kan onítọ̀hún.

Jẹ́jẹ́ kò gbọ́ nípa àga rí. Mẹkáníìkì kò sọ fún un. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó sọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn awakọ̀ tó jókòó sórí ògbólógbòó táyà ti ń fi mẹkáníìkì ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé o ti jẹun? Kí ebi má pa ẹ́ níbi tó ò ń lọ."

"Àna ẹ kọ́ nìyẹn? Ṣé ẹ ò jà láìpẹ́ yìí ṣá?"

"Ẹ máa wòran," ni mẹkáníìkì wí. "Ẹ máa rí bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀." Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí Jẹ́jẹ́ ti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó wà lórí àwọn táyà yẹn pọ̀. Ó gbé e mì, ó sì gun ọkọ̀.

Kò sí wàhálà nígbà tó ń lọ síwájú. Àgbà tiẹ̀ mi orí pé ó dáa. Ẹ̀yìn ló kù. Jẹ́jẹ́ wo díńgí ọ̀tún, ó rí àgbá, ó rí àga, ó rí bàtà àna rẹ̀. Ó tú bíréèkì sílẹ̀. Ìdí tirela rọra ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Ó yí sítíárìn sósì láti fà á padà, bó ti máa ń ṣe pẹ̀lú típà. Ó tún yà sọ́tùn-ún sí i. Ó yí i sósì gan-an. Ohun tí apá rẹ̀ ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, òdìkejì rẹ̀ ni tirela ń ṣe.

Nínú díńgí, mẹkáníìkì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga. Kò dìde. Ojú Jẹ́jẹ́ ló ń wò.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ikú tó wà nínú díńgí yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Tirela ti kọlu àgbá náà, ó ti tì í débi orúnkún mẹkáníìkì.

Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kó tó la ẹnu, àna rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ láti orí àga.

"Ilẹ̀ ló ń yọ̀, Àgbà. Epo ló máa ń dà síbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe."

Àgbà wo ilẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ bí egungun. "Kó tún un ṣe? Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ṣì jókòó, sà."

Ojú ti Jẹ́jẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Dìde," ló wí fún àna rẹ̀. "Ilẹ̀ ò yọ̀. Mi ò wa tirela rí láyé mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lórí àwọn táyà. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì dìde, ó gbé àga, ó lọ gbé e síbi tó ti gbé e wá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Jẹ́jẹ́ kọjá, kò wò ó.

"Wá lọ́jọ́ Ajé," ni Àgbà wí. "Ìjókòó kọ̀ńdọ́kítọ̀ ni wàá wà, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wà. Tọ́jọ́ ìdánwò bá tún pé, wá ẹni tó máa jókòó fún ẹ."

Jẹ́jẹ́ àti mẹkáníìkì jọ padà sílé. Ìyàwó Jẹ́jẹ́ jáde pàdé wọn. Àbúrò rẹ̀ ló tètè dáhùn.

"Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n wá lọ́jọ́ Ajé."

"A dúpẹ́ o," ló wí, ṣùgbọ́n orúnkún ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ ló ń wò. Ọ̀dà pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn. "Kí ló fi ara kan ẹ́?"

"Àgbá kan ni."

"Èmi ni," ni Jẹ́jẹ́ wí.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbọn ọ̀dà náà lórúnkún àbúrò rẹ̀, bí ìgbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Ọ̀dà náà kò kúrò. Ó lọ bu omi wá. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, kò mọ bóyá kóun wọlé tàbí kóun dúró dìgbà tí wọ́n á pe òun.