Agogo Tí Bàbá Kò Rí Lù

Èmi ni mo gbé fóònù lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, òwúrọ̀ sì ni. Ọmọbìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní bàbá òun kú ní nǹkan bí wákàtí méjì sẹ́yìn, kí n jọ̀ọ́ sọ fún bàbá tí mò ń tọ́jú, torí òun mọ̀ pé kò sẹ́ni tí bàbá òun ìbá fẹ́ kó kọ́kọ́ gbọ́ ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Mo bá a kẹ́dùn, mo sì ní màá sọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, bàbá jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ óòtì àárọ̀ rẹ̀. Ó bi mí ta ló pè.

"Àwọn oní-insurance ni, sà," ni mo wí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́. Ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Bronx gan-an, ó sì ń dá gbé ní Grand Concourse, ní àjà kẹrin. Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ológun ojú omi, àmọ́ abẹ́ omi ló ti ṣe tirẹ̀, nínú irú ọkọ̀ tó máa ń rì wọlẹ̀ fúnra rẹ̀ tí á sì máa rìn nísàlẹ̀ òkun. Kúùkù wọn ni. Wọ́n á wọlẹ̀ lọ fún oṣù méjì, wọn ò ní rí oòrùn, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ìró wọn, torí ìró lè pa gbogbo wọn. Inú ọkọ̀ yẹn ni gbogbo ìwà rẹ̀ tó máa ń bí mi nínú ti wá. Kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn gbàgà nínú ilé rẹ̀. Bí omi bá ń kán tó tó nínú balùwẹ̀, kò ní lè jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi ń jẹun, bó bá sì ti tán, á kúrò nídìí tábìlì bí ẹni pé ẹlòmíràn ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo bá dojú kọ iyán, ẹ fi mí sílẹ̀ fún wákàtí kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kú yìí, òyìnbó ni, Castle Hill ló ń gbé. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ọkọ̀ ni kó máa fetí sí omi, kó lè mọ̀ bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀. Ibùsùn ò kárí nínú ọkọ̀ wọn, nítorí náà ibùsùn kan ṣoṣo ni wọ́n fún àwọn méjèèjì. Bí ọ̀kan bá dìde lọ síbi iṣẹ́, èkejì á sùn sójú ibi tó ṣì gbóná. Bàbá ní òun ti mọ òórùn orí ọ̀rẹ́ òun kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi. Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

"Ẹ jẹ́ kí n kí yín kú oríire ìgbéyàwó, sà," ni mo ní.

Ó ní ìyàwó òun gan-an máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú.

Ní Sátidé kejì nínú oṣù, àwọn tó kù nínú àwọn tó ti ṣiṣẹ́ abẹ́ omi máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Castle Hill. Èmi ni mo máa ń bá bàbá lọ, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé àwọn tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera. Wọ́n á mu kọfí, wọ́n á ṣe àwàdà tí kò mọ́ létí, èmi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé agogo idẹ kan sórí tábìlì, wọ́n á ka orúkọ àwọn ọkọ̀ tó wọlẹ̀ tí kò padà wá mọ́, wọ́n á sì lù ú lẹ́ẹ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan nínú àwọn fúnra wọn bá sì kú, wọn kì í sọ pé ó kú. Wọ́n á ní ó ti wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá a ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà ni yóò lu agogo fún un, ní ìpàdé tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ lé ikú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọn kì í tún un lù. Mo bi bàbá léèrè ìdí rẹ̀ nígbà kan. Ó ní kò sẹ́ni tó lè wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìkọ́kọ́ padà sókè.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mọ́kànlá ni wọ́n. Nígbà tí fóònù yẹn dún, wọ́n ti ku márùn-ún. Nínú gbogbo wọn, bàbá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Wọ́n ti ṣèlérí fún ara wọn pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni yóò lu ti èkejì. Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́, wọ́n tilẹ̀ bọ ara wọn lọ́wọ́ lé e lórí. Kò sí ohun mìíràn tí bàbá ń retí láyé yìí mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Kí ló wá dé tí mo fi purọ́? Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í ṣàdédé túfọ̀ òkú fún àgbàlagbà. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara ẹni náà ò yá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á ní àìsàn náà ti le sí i. Wọ́n á pe àwọn ẹbí jọ, wọ́n á fi omi sí tòsí, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Dókítà wa ní Fordham sì ti kìlọ̀ fún mi pé ọkàn bàbá ti rẹ̀, kí n má jẹ́ kí nǹkan já a láyà. Mo pe arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa tóun náà ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, mo ní kó gbà mí nímọ̀ràn.

"Má dán an wò o!" ló pariwo. "BP ẹ̀ ti high tẹ́lẹ̀, o wá fẹ́ fi news yẹn pa á? Tó bá kú sí ẹ lọ́wọ́ ńkọ́? Rọra máa sọ ọ́ fún un, small small."

Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ fún èmi náà rí. Nígbà tí ìyá mi kú n'Íbàdàn, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi bò ó mọ́lẹ̀. Bí mo bá pè, wọ́n á ní màmá ń sùn, wọ́n á ní màmá lọ sí ìsìn. Ìgbà tí wọ́n máa fi sọ ọ́, wọ́n ti sin ín. Wọ́n ní mi ò kúkú ní ìwé tí mo lè fi wálé kí n tún padà, pé wọn ò fẹ́ kí ẹkún pa mí sí ìlú onílùú. Mo sọ ọ̀rọ̀ sí wọn lọ́jọ́ náà tí mi ò lè kọ síhìn-ín. Èèyàn á rò pé ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní ṣe é fún ẹlòmíràn láéláé. Mo ṣe é. Ojú tì mí láti kọ ọ́, àmọ́ mo ṣe é.

Lọ́jọ́rú, mo sọ fún bàbá pé mo gbọ́ pé ara ọ̀rẹ́ wọn ò yá díẹ̀. Ó ní kí n pe ilé rẹ̀. Mo lọ sí ìdáná, mo padà wá, mo ní wọn ò gbé e. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó yẹ kí n sọ òótọ́, torí ìpàdé di ọ̀la. Àmọ́ kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ sì fà ro, ẹ̀rù bà mí. Mo wá tún fi irọ́ mìíràn bo èyí tó wà nílẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, òjò ń rọ̀. Mo ní ọkọ̀ tó ń gbé wa kò lè wá. Èmi ni mo pè wọ́n pé kí wọ́n má wá. Bàbá ti wọ ẹ̀wù aláìlápá rẹ̀ tí wọ́n rán àmì ọkọ̀ wọn mọ́, ó sì jókòó nínú rẹ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ní Castle Hill, ọkùnrin kan tí kò wọ ọkọ̀ wọn rí ló lu agogo fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà máa ń fi ìwé kékeré kan ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpàdé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mú un wá láti inú àpótí lẹ́tà nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìwé mìíràn, mi ò wò ó. Mò ń gé ẹ̀fọ́ nígbà tí bàbá pè mí. Kò pariwo. Ìwé náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, sà. Ọjọ́ tí mo ní àwọn oní-insurance ni."

Ó ká ìwé náà sí méjì.

"Nínú ọkọ̀ wa," ló ní, "bí ọmọdé tó kéré jù bá rí i pé omi ń wọlé, kódà kó jẹ́ ẹ̀kán kan, ó gbọ́dọ̀ pariwo. Kò gbọdọ̀ rò ó pé ọ̀gá ń sùn. Kò gbọdọ̀ rò ó pé àyà ọ̀gá á já. Ìwọ rí omi, o wá fi aṣọ bò ó."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Ohun tí mo mọ̀ láti ṣe nìyẹn. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tí mò ń wá nílẹ̀.

"Dìde," ló ní. "Orókún rẹ kò lè lu agogo."

Mo pe olórí ẹgbẹ́ wọn, mo jẹ́wọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tún un lù. Ó káàánú mi. Ó ní bí bàbá bá fẹ́, àwọn á ṣe é, kódà lọ́la. Bàbá kọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti lọ, pé ẹni tí kò bá a wọ ọkọ̀ kan náà rí ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò lọ sí ìpàdé mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kò lé mi. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kó lé mi. Ṣe ló ń bá mi gbé bí ẹni ń gbé pẹ̀lú àlejò. Bí mo bá gbé oògùn fún un, á ka ara ìgò kó tó gbé e mì. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, á ní kí n ti òun dé ojú fèrèsé. Bí dókítà bá pè, á ní kí n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń fi tẹ̀ lé gbogbo ohun tí mo bá sọ: "Ṣé òótọ́ ni?" Oṣù mẹ́rin la fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo bínú.

"Dádì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo purọ́ fún yín!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń lu agogo."

Mo lọ sunkún nínú balùwẹ̀, mo sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Nígbà òtútù, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́. Ó ní òun ò lọ sí ọsibítù kankan mọ́, wọ́n wá gbé ibùsùn aláìsàn wá sí yàrá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí n pe ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, pé ó ṣeé ṣe kí bàbá má rí ọ̀la. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀ kí n tó wọlé.

Bàbá ti lajú. "Kí ni nọ́ọ̀sì sọ?"

"Ẹ ò ní kú lórúkọ Jésù": ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé èyí la ń sọ fún aláìsàn, mi ò sì mọ ẹnì kan nínú ìdílé wa tó sọ ohun mìíràn rí. Mo di irin ibùsùn náà mú.

"Ó ní ẹ ti ń kú lọ, sà. Ó ní ó lè jẹ́ òní."

Ó tẹjú mọ́ mi. Mo ń retí ìbéèrè rẹ̀ yẹn, mo sì ti ń wá fóònù nínú àpò kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

"O ṣeun," ló ní.

Kò bi mí bóyá òótọ́ ni.