Ààrò Tí A Fi Sílẹ̀ Nínú Bárékè

Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti sọ bárékè ọlọ́pàá tí mo gbé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo wọkọ̀ láti Galadimawa tí mo ń gbé báyìí, mo lọ wò ó.

Ọmọbìnrin tó ń mú àlejò káàkiri mú mi dé yàrá gígùn kan lẹ́yìn. Ògiri rẹ̀ dúdú kirikiri.

"Mọ́mì, ibí ni wọ́n ń ti àwọn ọ̀daràn mọ́."

Níta, wẹ́dà kan ń jó irin tí wọn yóò gbé sẹ́nu ọ̀nà, kí yàrá náà lè jọ àtìmọ́lé dáadáa.

"Ọmọ mi, èéfín ọbẹ̀ lò ń wò yẹn. Ilé ìdáná wa nìyí."

"Kai! Àwọn ọ̀gá wa ní àtìmọ́lé ni o."

"Ṣé àwọn ọ̀gá yín sebẹ̀ níbẹ̀ rí ni?"

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí irin yẹn bá fi lè wọ ẹnu ọ̀nà, ìtàn bárékè yóò ku ti ọlọ́pàá àti olè nìkan. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé àwọn obìnrin gbé ibẹ̀ rí.

Mo bá ṣàlàyé. Nígbà náà, iṣẹ́ ọlọ́pàá lè gbé ọkọ ẹni lọ sí ìlú mìíràn láìròtẹ́lẹ̀. Ìyàwó tó ń lọ a kó ìkòkò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í hú òkúta ààrò rẹ̀. Òkúta líle láti ibi ìfọ́kúta ní Mpape ni, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ẹni tó ń lọ yóò to igi ìdáná díẹ̀ sáàárín wọn fún ẹni tó ń bọ̀, ẹ̀yà yòówù kí onítọ̀hún jẹ́. Igi obìnrin Hausa kan tí n kò fojú rí títí dòní ni mo fi dáná àkọ́kọ́ mi níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìgbálẹ̀ kí n fi wá ààrò náà lábẹ́ yanrìn. Ọmọbìnrin náà já a gbà.

"Ẹ jẹ́ kí n gbá a, Mọ́mì. Ẹ ṣáà sọ ibi tó wà."

Mo tọ́ka sábẹ́ fèrèsé. Yanrìn ṣí, orí òkúta mẹ́ta yọ, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wò wọ́n, ó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀kan, kò mì. Ó yíjú sí wẹ́dà.

"Gbé irin yẹn kúrò."

Bí mo ṣe ń lọ, àwọn àlejò mìíràn wọlé. Mo gbóhùn ọmọbìnrin náà: "Ibí ni àwọn ìyá wa ti ń dáná. Tí ẹnìkan bá ń lọ, á fi òkúta sílẹ̀."

"Àti igi," mo sọ látẹnu ọ̀nà.

"Àti igi, Mọ́mì! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ ni!"