Ìtọ́sọ́nà Àpáta Gígun tí Mo Kọ fún Etí Òkun Eleko

Iyọ̀ òkun ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lẹ́nu tí mo bá rántí ọdún tí mo sọ ara mi di ọ̀gá nínú àpáta gígun. Ìsọ̀ kan ní Ikate ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, níbi tá a ti ń fi kọ̀ǹpútà ya pátákó ìpolówó. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ò bá sí, mo máa ń wo fídíò àwọn ará òkè òkun tó ń rọ̀ mọ́ ara òkúta bí aláǹgbá. Mo rí i pé wọ́n ní ìtọ́sọ́nà lórí fóònù: orúkọ àpáta, bó ṣe le tó, ibi téèyàn á fọwọ́ sí, ibi tí á fẹsẹ̀ sí. Ó wá sí mi lọ́kàn pé Lekki náà gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀. Pé iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ láti Ikate dé Ajah, ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́ rárá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń wa kórópe láti Ajah lọ sí Eleko ló bá mi wá àpáta. Ní etí òkun níbẹ̀, wọ́n ti fi ọkọ̀ akẹ́rù kó òkúta ńláńlá wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n tò wọ́n wọnú omi kí òkun má baà jẹ ilẹ̀ mọ́. Èyí tó ga jù nínú wọn ò ju ọ̀rẹ́ mi kan àtààbọ̀ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé a ò ní téèpù. Òun ni mo ń mú dúró ti òkúta kọ̀ọ̀kan láti fi wọ̀n ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú mélòó kan la fi ṣe iṣẹ́ náà. Màá dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, màá ya fọ́tò láti ìsàlẹ̀, òkúta á sì ga bí òkè. Tí mo bá délé, màá gé ọ̀rẹ́ mi kúrò nínú fọ́tò, torí tó bá wà níbẹ̀, àṣírí á tú. Gbogbo òkúta ni mo sọ lórúkọ. Mo pe èyí tó ga jù ní Imú Onílé, nítorí bó ṣe yọ síta bí imú ẹni tí mo ń gbé ilé ẹ̀. Mo pín wọn sí ìpele mẹ́ta: "Ọmọdé Lè Gùn Ún," "Mú Ọkàn Le," àti "Dágbére fún Ìyàwó Ẹ." Imú Onílé nìkan ló wà ní ìpele kẹta. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Èmi tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí ti gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ká sòótọ́, mi ò tíì gun nǹkan tó ga ju orí àga lọ rí.

Nígbà tí mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀: "Ṣé kọ̀ǹpútà mi lo fi ṣe èyí?" Ẹnì kejì ni obìnrin kan láti Ìdànrè, olùkọ́ eré ìdárayá, tó ti ń gun òkè láti kékeré. Ó ní iṣẹ́ mi wú òun lórí, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kí n mú òun lọ sí Imú Onílé.

Ó yẹ kí n sá, ìgbéraga ni ò jẹ́. Lọ́jọ́ náà, olùkọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú kórópe ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú okùn gbọọrọ kan ní èjìká. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ibo ni àpáta náà wà?"

"Òun lẹ̀ ń wò yẹn, mà."

Ó wo òkúta, ó wo fóònù. Ló bá rọra dojú bolẹ̀ lórí iyanrìn, ó gbójú sókè. "Ẹn-hẹ́n," ó ní, "mo ti rí i báyìí."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fara ti mọ́tò. Olùkọ́ dìde, ó gbọn iyanrìn ara ẹ̀ nù. "Ó dáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fi ibi téèyàn á fọwọ́ sí hàn mí."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé orí òkúta yẹn. Ohun tí mo rántí ni pé ṣòkòtò mi ya níbi tí kò yẹ kó ya, mo sì ké pe ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe dé òkè, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Ìgbà yẹn ni mo wo ìsàlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dì mọ́ òkúta náà tọwọ́tẹsẹ̀. Olùkọ́ ní kí n máa bọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba atẹ́gùn díẹ̀. Mo gba atẹ́gùn títí omi òkun fi kún yí òkúta ká, tí ìgbì ń ta sí mi lójú. Ọ̀rọ̀ kúrò ní eré.

Àwọn ará ìjọ aláṣọ funfun kan ló yọ sí wa, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàdúrà. Ìyá Àdúrà wọn ló ṣáájú, láìwọ bàtà, pẹ̀lú agogo lọ́wọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?"

"Rárá o, Màmá! Ìwé ni mò ń kọ!"

Ìyá Àdúrà yíjú sí ọ̀rẹ́ mi. "Ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Ó máa ń pé díẹ̀díẹ̀, mà," ọ̀dàlẹ̀ yẹn dáhùn.

Olùkọ́ ju okùn sí mi, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa so ó mọ́ ìbàdí, òun àtàwọn ọkùnrin ìjọ sì di ìkángun kejì mú. Ọ̀rẹ́ mi wọnú omi dé itan, ó gbé èjìká ẹ̀ kalẹ̀ fún mi. Ìyá Àdúrà ń lu agogo: "Ẹsẹ̀ ọ̀tún! Halelúyà! Ẹsẹ̀ òsì! Halelúyà!" Bí mo ṣe balẹ̀ nìyẹn, tí ìdí mi ń yọ síta níwájú gbogbo ìjọ. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyá Àdúrà fi ìborùn wọn bò mí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n ka ìwé náà fún àwọn. Nígbà tí mo dé ibi Imú Onílé, Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ sókè. "Òkúta Àánú lo sọ di imú?" Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti já a síbẹ̀ làwọn aboyún ìjọ ti ń fẹ̀yìn tì í gbàdúrà. Ojú tì mí. Olùkọ́ ló wá rọra sọ pé, "Iṣẹ́ yín dára. Irọ́ inú ẹ̀ ló pọ̀. Ẹ yọ irọ́ kúrò, nǹkan ṣì máa kù."

Lórí iyanrìn níbẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ìyá Àdúrà ń sọ orúkọ tí wọ́n ń pe òkúta kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ ń gùn wọ́n, ó ń sọ bí wọ́n ṣe le tó. Ọ̀rẹ́ mi ní àfi kí òun padà sínú gbogbo fọ́tò. Lábẹ́ Òkúta Àánú, mo kọ ọ́ pé, "Mo gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Ìjọ kan ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀." Gbólóhùn yẹn gan-an làwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá láti Ikate àti Ajah, wọ́n á ní káwọn rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Lakowe ni mò ń gbé báyìí. Òkun ti ga sí i, ó ti bo púpọ̀ nínú àwọn òkúta náà, Òkúta Àánú pẹ̀lú. Mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ìtọ́sọ́nà lọ́jọ́sí, ni mo bá pe Ìyá Àdúrà láti sọ fún wọn. "Ṣé ó kú ni?" wọ́n ní. "Fi í síbẹ̀." Mo fi í síbẹ̀, mo kàn kọ ọ́ pé ó wà lábẹ́ omi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, torí káwọn èèyàn lè mọ̀ mí ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà náà. Tí mo bá ṣí i báyìí, mi ò kì í wá orúkọ mi. Fọ́tò Òkúta Àánú ni mo máa ń wò: ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀, oòrùn ń ràn, ọ̀rẹ́ mi sì dúró ti òkúta náà, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín.