Nọ́ọ̀sì Tó Ń Fi Ìkíni Yẹ Ọkàn Wò

Bí ẹnikẹ́ni bá dì mí lọ́wọ́ mú níbi ìkíni, nọ́ọ̀sì kan tó háyà yàrá nílé wa ní Ibo Road, ní Sabon Gari, ni mo máa ń rántí. Bó bá ti kúnlẹ̀ kí ọ, ọrùn ọwọ́ rẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí o tó dáhùn ti ìyàwó, ti ọmọ, ti ewúrẹ́, ó ti mọ bí ọkàn rẹ ṣe ń lù. Lọ́jọ́ tó mú tèmi, ọkàn mi lù tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò Noman's Land lọ́hùn-ún fi rò pé rélùwéè ló ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n wọn ẹ̀jẹ̀ yín, ó jọ pé ó ń ru."

"Sannu, nọ́ọ̀sì. Ó dọ̀la."

Ni àwọn elétò ìlera bá pe ìdíje: ẹni tó bá ní ọgbọ́n tuntun fún ìtọ́jú ọkàn, kó wá ṣàlàyé rẹ̀, ẹni tó bá borí yóò gba owó tí yóò fi ṣe é. Mo sìn ín lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún un, ó sì fi gbogbo rẹ̀ kúnlẹ̀ kí àwọn adájọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago dún. Mo ní àǹfààní náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Hajiya tó jẹ́ olórí wọn rẹ́rìn-ín. "Ìkíni nìkan lo gbé wá?"

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ láìkí àgbà. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn onígbàjámọ̀ Sabon Gari láti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ọkùnrin tó ń sá fún ọsibítù ò lè sá fún ẹni tó gbé abẹ lé e lórí."

Hajiya wo àwọn yòókù. "Ọkọ mi gan-an nìyẹn," ló wí.

Bó ṣe gba owó náà nìyẹn. Ní báyìí, onígbàjámọ̀ mi ní France Road kì í fọwọ́ kan orí mi àfi tó bá kọ́kọ́ wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó ní ó ti ń wálẹ̀. Orí mi ti pá tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ.